Ìtọ́jú Onítànṣán fún Jẹjẹrẹ Ọ̀fun: Ìdí Tí A Kò Fi Gbọdọ̀ Pa Ọjọ́ Jẹ

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùwòran wa ní Abẹ́òkúta. Bí dókítà bá ní kí aláìsàn tí jẹjẹrẹ wà ní ọ̀fun rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú onítànṣán, ẹ̀rọ náà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ba ẹbí lẹ́rù, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìrìn àjò ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò.

Láti ìta ara ni ẹ̀rọ ti ń rán ìtànṣán alágbára sí ojú ibi tí kókó wà, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ má lè pọ̀ sí i mọ́. Kì í dunni lásìkò tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ìtànṣán náà kì í sì í kù sí ara, torí náà aláìsàn lè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ó bá délé. Nítorí pé ògóóró ẹ̀yìn kò jìnnà sí gògóńgò, wọ́n máa ń fi ike tí ooru mú rọ̀ ṣe ìbòjú tí ó bá ojú àti ọrùn mu rẹ́gí, kí orí má baà yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, kí ìtànṣán má sì ba ògóóró ẹ̀yìn náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣègùn eyín yẹ ẹnu wò ṣáájú, torí eyín tí a bá yọ lẹ́yìn ìtànṣán lè dá egbò tí kì í tètè jinná sí egungun àgbọ̀n.

Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, ìwọ̀n 70 Gray (Gray ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán) ni wọ́n ń pín sí ìgbà 35, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 7. Pípín yìí ń fún ẹran ara tí ó dára láyè láti sàn, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá pa ọjọ́ jẹ, jẹjẹrẹ náà rí àyè nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n kọ̀wé fún láti Abẹ́òkúta lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ti bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ń gbé níbẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ibùgbé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnu lè bó, itọ́ lè gbẹ, kí oúnjẹ má sì ládùn mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹ́ sá. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, oògùn ìrora wà. Ẹ̀kọ mímu tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí láfún rírọ̀ pẹ̀lú ewédú tí kò láta, máa ń rọrùn láti gbé mì. Ata ọ̀fadà yóò ní láti dúró ná. Sìgá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, torí ó ń dín agbára ìtànṣán kù. Bí gbígbé mì bá di ìṣòro, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé oúnjẹ wọ inú. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́, tàbí tí ìsinmi ìjọba bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, ẹ bi dókítà bí wọn yóò ṣe dí ọjọ́ tí ó sọnù.