Bébà Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀: Epo Tó Jò àti Epo Tó Kù

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará ilé sọ níbi ìpàdé oṣooṣù wa ní Kubwa, Abuja, nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìjókòó. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò sì ní gbọ́ lẹ́nu mi lónìí pé kí ẹ lo oògùn kankan. Bébà ni mo fẹ́ bá yín kà.

Ìyá kan wá sójú fèrèsé wa lọ́jọ́ kan, ó tú bébà jáde létí ìró. ALT rẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí a ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀, jẹ́ 58, wọ́n sì fi lẹ́tà H sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ nìyẹn?" H yẹn ò ju pé iye náà ga ju òdiwọ̀n láàbù ọ̀hún lọ. Níbi kan, 40 ni òdiwọ̀n náà parí sí. Ibòmíràn á kọ 55. Òdiwọ̀n tó wà lórí bébà yín gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín tó ṣe tiẹ̀ ní Kano. Ẹ tún wo bó ṣe ga tó: ẹni tó gbé parasitámọ́ọ̀ mì lámujù lè ní 3,000.

LFT ni dókítà máa ń kọ, àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, orúkọ yẹn ń ṣi èèyàn lọ́nà. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ALT àti èkejì rẹ̀, AST, ń gbé; ẹ́ńsáìmù ni àwọn méjèèjì. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fara gbọgbẹ́, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ro kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí ẹ máa ń gbé bọ̀ láti ilé. Bí ẹ bá rí epo nílẹ̀ ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ń jò, ẹ ò tíì mọ èyí tó kù nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ló fẹ́ jò? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀ tó ti le, tó ti di kìkì àpá, fi lè ní ALT 30, tí olúwarẹ̀ á máa dúpẹ́.

Albumin àti INR ló ń sọ èyí tó kù nínú agbára ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, 35 sí 50 gíráàmù nínú lítà kan. Bó bá wálẹ̀ púpọ̀, ẹsẹ̀ á wú, omi á kún inú ikùn. Ṣùgbọ́n kì í tètè wálẹ̀, ó máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. INR, tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì, máa ń tètè sọ̀rọ̀ jù ú lọ, àmọ́ kì í sábà sí nínú LFT. Ẹ béèrè rẹ̀.

Bilirubin ni àwọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ pupa tó gbó ń fi sílẹ̀, òun ló ń sọ ojú di àtalẹ̀ pupa. Ó lè ga lára ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde láìsí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀dọ̀. ALP, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó wà lórí bébà náà, máa ń ga lára aboyún àti ọmọ tó ń dàgbà, AST lára ẹni tó ṣe iṣẹ́ agbára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì fọ́ nígbà tí a ń fà á, AST á ròkè: ẹ̀bi wa nìyẹn o.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B). LFT kì í wá a rárá. HBsAg, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ló ń wá a, ALT ẹni tó ní i sì lè wà bó ṣe yẹ fún ọdún púpọ̀. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí ìjọba ń fún ọmọ ọwọ́. Ẹ wo irun orí wa níbí, ta ló gbà á lọ́mọ ọwọ́?

Bàbá kan béèrè bóyá kí wọ́n sọ ti àgbo fún dókítà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbé ìgò rẹ̀ dání, kí wọ́n sì ka páráagà mọ́ ọn. Wọ́n ní ká sọ èyí tó kù lẹ́yìn ìpàdé, ìyàwó àwọn ń gbọ́.