Ẹ̀rọ Kan Ló Wà Láàárín Wọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àríyànjiyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá kí dókítà ran aláìsàn lọ́wọ́ láti kú, ẹnì kan á sáà sọ pé "ikú yá ju ẹ̀sín." Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, ìtìjú ni wọ́n ń fi òwe yẹn bá wí, kì í ṣe àìsàn. Obìnrin méjì ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, ọdún 2002 sì ni ẹjọ́ àwọn méjèèjì parí.

Ms B ni ilé ẹjọ́ pe àkọ́kọ́, kí wọ́n lè bo orúkọ rẹ̀ láṣìírí. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kò lè mira; ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́, àwọn dókítà kọ̀. Adájọ́ Butler-Sloss ní orí obìnrin náà pé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. Wọ́n yọ ẹ̀rọ, ó kú lóṣù kẹrin.

Diane Pretty ni ìkejì. Àìsàn tó ń sọ iṣan ara di òkú ti gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Kò sí ẹ̀rọ kankan lára tirẹ̀ tí wọ́n lè yọ. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò ju pé kí ìjọba má ṣe pe ọkọ òun lẹ́jọ́ bó bá ran òun lọ́wọ́ láti kú, torí òfin ọdún 1961 fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 lélẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́. Àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, wọ́n tún dá a padà ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kú.

Àwọn amòfin ní àìsàn ló pa Ms B, pé ọwọ́ èèyàn ni ì bá pa Pretty. Mo gbà pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọkọ Pretty!

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé aṣòfin kékeré wọn fi ìbò 314 sí 291 fọwọ́ sí àbádòfin tí aṣòfin Kim Leadbeater gbé wá láti fàyè gba irú ìrànlọ́wọ́ yìí: ẹni tí wọ́n retí pé kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé ló wà fún, kí dókítà méjì àti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta fọwọ́ sí i, kí aláìsàn sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo oògùn náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀ lọ́dún 2024, aṣòfin Florence Eshalomi, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dìde. Ìyá rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ó ń jẹ̀rora, àwọn dókítà ò gbà á gbọ́. Eshalomi wá béèrè bí ẹni tí kò rí ìtọ́jú ọgbọọgba nígbà tó wà láàyè ṣe máa rí òmìnira ọgbọọgba nínú ikú. Èmi ò tíì gbọ́ ẹni tó fún un lésì tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Tiwa ńkọ́? Ìwé òfin ọ̀daràn wa, abala 326, fi ẹ̀wọ̀n gbére lé olùrànlọ́wọ́ lórí. Síbẹ̀, lọ́dún 2001, nínú ẹjọ́ Dókítà Okonkwo, tí kò fa ẹ̀jẹ̀ sí ara aláìsàn tó kọ̀ ọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àgbàlagbà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, bí ẹ̀mí tilẹ̀ bọ́. Ilà kan náà làwa náà fà. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù fún un, á bu ọwọ́ lù ú pé òun lòun kọ ìtọ́jú. Lójú òfin, òmìnira ló lò. Kò sí adájọ́ tó máa bi í bóyá ó wù ú bẹ́ẹ̀.