Omi Tó Wà Nínú Aṣọ Ẹbí: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Asalamu alaykum waramọtullahi wabarakatuhu. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, a kú Jímọ̀ o.

Anas ọmọ Mọ́líìkì, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i, ló gbà á wá pé múdì omi kan ni Ànọ́bì, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá. Bukhari àti Muslim ló gbé hadiisi náà wá. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lè bù ni múdì kan. Ó fi díẹ̀ ju píọ́ wọ́tà kan lọ. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣọ́ omi bútà dáadáa, al-hamdu lillahi.

Omi tí a kì í fojú rí ńkọ́? Ẹni tó ra tí-ṣáàtì olówùú kan ní Ọjà Ọba ti ra nǹkan bí lítà 2,500 omi mọ́ ọn. Olóògbé Arjen Hoekstra, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí lọ́dún 2002: omi tí òwú mu lóko, èyí tí wọ́n fi pa á láró, àti èyí tí aró sọ di ìdọ̀tí. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n, 100 kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹ̀yin ìyá tó ń tò sídìí bóhóólù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ wá wo àńkárá tí à ń dá fún yìgì, òmíràn fún wòlímọ̀, òmíràn fún súnà ọmọ, tí ọ̀pọ̀ wa ò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òwú náà ni wọ́n fi ń hun àńkárá; ẹ wo ohun tí oko òwú ti fà níbòmíràn. Láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, ní ilẹ̀ Éṣíà, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń darí odò méjì tó ń bọ́ Adágún Aral lọ sí oko òwú. Adágún náà gbẹ títí ọkọ̀ ojú omi fi jókòó sórí iyanrìn, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja.

Oúnjẹ náà ń mu omi: ti kílò ìrẹsì kan tó nǹkan bí lítà 2,500. Ti ẹran màlúù ju 15,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tó ń mú koríko hù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹran. Èyí tí a sè tí a dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń bà mí lẹ́rù.

Nínú Suratul A'raaf, aaya 31, Ọlọ́run pe àwa ọmọ Ádámọ̀ pé kí a wọ ọ̀ṣọ́ wa ní gbogbo mọ́sálásí, kí a jẹ, kí a mu, kí a má ṣe yàpà. Aṣọ, oúnjẹ àti mímu, aaya kan ṣoṣo ló kó wọn pọ̀.

Ẹ̀yin òbí tí yìgì ń bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí àlejò wọ èyí tó wà nínú àpótí wọn. Oúnjẹ tó bá kù, ẹ tètè bù ú fún àwọn ọmọ kéwú kó tó kan.