Ìpè Ìrun Láti Inú Báàgì: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

As-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh, ẹ̀yin ará mi nínú Islām, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tó ń bàlágà nílé. Ẹ kú Jímọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó mọ ohun tí a fi pamọ́ àti ohun tí a fi hàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, alhaji kan ní àdúgbò Mọ̀ọ̀rẹ̀ níbí ní Ilé-Ifẹ̀ pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ báyìí." Mo rò pé èèyàn kú ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. (Wọ́n ti yọ̀ǹda kí n sọ ọ́, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́.) Nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni alhaji gbọ́ ìpè ìrun. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò ti pe tiwọn tán, ìdí nìyí tó fi yà á lẹ́nu. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó rí i pé inú yàrá àwọn ọmọ ni ohùn náà ti ń jáde. Àbẹ̀kẹ́ kò sí nílé, ó lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Alhaji tú yàrá títí ó fi kan báàgì Ghana-must-go tí wọ́n kó aṣọ òtútù sí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, fóònù kan ń ké pé "as-salātu khayrun mina n-nawm", ìrun lóore ju oorun lọ.

Ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ pé ọmọ náà ní fóònù kankan.

Nígbà tí wọ́n lọ mú Àbẹ̀kẹ́ dé, tó fi ìka ara rẹ̀ ṣí i, ayé kejì bá jáde. Àbẹ̀kẹ́ tí a mọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, SS2 ló wà, ó ti ṣe wòlíìmà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kéwú. Òun gan-an ló ń bá mi kọ́ àwọn kéékèèké ní alifú. Ẹni tó wà nínú fóònù yàtọ̀. Tiffany lorúkọ rẹ̀. Àwọn òbí Tiffany ń gbé Èkó. Ní ọjọ́ Sátidé tí a rò pé ó ń lọ sí lẹ́sìn JAMB ní Lágere, ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ló ń kọ́kọ́ yà sí. Níbẹ̀ ni yóò ti ká hìjáábù rẹ̀ dáadáa sínú báàgì ìwé, tí yóò de wíìgì, tí yóò wọ jíǹsì, tí yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ jó níwájú fóònù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́ yóò padà wọlé pẹ̀lú "as-salāmu alaykum" lẹ́nu. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tọmọ yìí, ìta ló ń kó ẹ̀ṣọ́ pamọ́ sí.

Ẹ wá wo alhaji. Pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Mùnáfíkì! Mùnáfíkì ni mo bí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn, tó túmọ̀ sí alágàbàgebè, ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò, nítorí ó wúwo ju pàṣán lọ. Ó wà nínú Sahīh Muslim, ọ̀kan nínú àwọn ìwé hádíìsì Ànábì, pé sàhábé kan tó ń jẹ́ Hanzala pàdé Abū Bakr, ó ní, "Hanzala ti di mùnáfíkì." Abū Bakr ní, "Subhānallāh, kí lò ń wí?" Ó ní nígbà tí àwọn bá wà lọ́dọ̀ Ànábì, àfi bíi pé àwọn ń fi ojú ara àwọn wo ọgbà ìdẹ̀ra àti iná, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti délé, bí àwọn bá ti kó sínú ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọmọ àti oko, àwọn a gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí Abū Bakr wí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe òun náà. Àwọn méjèèjì kọrí sọ́dọ̀ Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a). Kò lé wọn. Ó ní bí ẹ bá lè wà bí ẹ ṣe máa ń wà lọ́dọ̀ mi nígbà gbogbo ni, àwọn mọ̀láíkà ìbá máa bọ̀ yín lọ́wọ́ lórí ibùsùn yín àti lójú ọ̀nà yín. "Ṣùgbọ́n, Hanzala, wákàtí kan, wákàtí kan." Ìyẹn ni pé wákàtí kan fún ìjọ́sìn, wákàtí kan fún ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́.

Kò sọ pé irọ́ dára o. Oko àti ọmọ Hanzala kì í ṣe wíìgì Tiffany, mo mọ̀. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, tí ìpín náà sì ń dùn ún, ìgbàgbọ́ kò tíì kú nínú rẹ̀. Mo bi alhaji pé, "Baba, ta ló sọ fún fóònù yẹn pé kó máa pe àsúbà?" Kò dáhùn. Tiffany ni o. Nínú ayé tí kò sí bàbá, tí kò sí ààfáà, tí ẹnikẹ́ni kò ti lè nà án bí kò bá kírun, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìpè ìrun síbẹ̀. Ó ní òun máa ń pa á lábẹ́ ìrọ̀rí, òun a sì dìde. Àwọn mùnáfíkì inú Al-Kùránì, Sūratu n-Nisā, ẹsẹ 142, ìwà ọ̀lẹ ni wọ́n fi ń dìde sí ìrun, kí àwọn èèyàn lè rí wọn. Ta ló ń rí Àbẹ̀kẹ́ lábẹ́ ìrọ̀rí?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì máa yọ̀. Ọlọ́hun fẹ́ kí á bo ẹ̀ṣẹ̀ wa láṣìírí, òótọ́ ni. Nínú hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, Ànábì ní gbogbo ìjọ òun ni a ó ṣe àmójúkúrò fún, àyàfi àwọn tó ń ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tán tí wọ́n ń kéde ara wọn. Ìyẹn kì í ṣe àyè láti kọ́ ilé sórí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ṣubú tó bo ara rẹ̀, tó sì túúbá, ìyẹn ni ìbòra. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti ní orúkọ tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀, síìmù tirẹ̀ àti òbí tirẹ̀ ní Èkó, ó ti kúrò ní ìbòra, ó ti di ẹ̀tàn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn Tiffany, irọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Sūratu n-Nisā kan náà, ẹsẹ 108, ní wọ́n ń fara pamọ́ fún èèyàn, wọn kò sì lè fara pamọ́ fún Allāhu, Ó wà pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n ń gbèrò lóru ohun tí kò dùn mọ́ Ọn.

Mo wá kan ibi tó mú kí n kọ wáàsí yìí.

Ta ló ra fóònù náà? Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ni. Òun ló ra síìmù, òun ló ń fi dátà sí i. Nígbà tó yá, ó ní kí ọmọ wá sí yàrá òun, ọmọ kọ̀. Ó bá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i. Kò sí ohun ìtìjú kan nínú àwòrán náà, ẹ fọkàn balẹ̀: ọmọ náà láìsí hìjáábù níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wá kọ ọ́ pé bí kò bá wá, òun ó fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìbínú bàbá ni ó fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ. Ọ̀bẹ tí a pọ́n nínú ilé wa pé a fi ń ṣọ́ ọmọ, ẹni ìta ti gbà á lọ́wọ́ wa, ó ti gbé e sí ọmọ lọ́rùn. Oṣù méjì ni Àbẹ̀kẹ́ fi gbé ẹ̀rù yìí, tó ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ kéwú, tó ń se oúnjẹ alẹ́, tí kò lè sọ, nítorí ó dá a lójú pé ohun tí bàbá òun yóò ṣe burú ju ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ lọ. Ó kù díẹ̀ kó lọ sí yàrá yẹn. (Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò fàyè gba irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà kan tí a jọ ń kírun ti ń bá ìyẹn lọ, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.)

Orúkọ méjì kì í ṣe tuntun láàrin wa. Láyé àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọmọ mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá ló ń jẹ́ orúkọ kan nílé, tó ń jẹ́ òmíràn ní ilé ìwé àwọn míṣọ́n, nítorí ìbẹ̀rù kí wọ́n má baà lé wọn. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ dá MSS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí, sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1954. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí dájọ́ pé ọmọbìnrin mùsùlùmí lè lo hìjáábù ní ilé ìwé ìjọba. A yọ̀, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ìbẹ̀rù àwọn míṣọ́n ló sọ àwọn bàbá wa di olórúkọ méjì. Ìbẹ̀rù ta ló sọ Àbẹ̀kẹ́ di Tiffany?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá Ànábì wa, ó ní kí ó yọ̀ǹda àgbèrè fún òun. Imām Ahmad ló gbà á wá. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó bi bàbá rẹ̀ nírú ìbéèrè yẹn ní Ifẹ̀! Àwọn tó wà níbẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kó sún mọ́ òun, ó ní kó jókòó, ó bi í bóyá yóò fẹ́ irú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, fún ọmọ rẹ̀, fún àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé e, tó ṣàdúà fún un. Ọmọ náà rí ibi gbé ìbéèrè burúkú rẹ̀ lọ. Ànábì Yūsuf náà, nígbà tó lálàá, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún.

Àwa náà ńkọ́? Ìyá kan pe ọmọ rẹ̀ níwájú Ànábì pé kó wá gba nǹkan. Ànábì bi í pé kí ló fẹ́ fún un. Ó ní dàbínù ni. Ànábì ní bí o kò bá fún un ní nǹkan kan ni, wọn ìbá kọ irọ́ kan sílẹ̀ fún ọ. Abū Dāwūd ló gbà á wá. Àwa tí a ń sọ fún ọmọ pé "lọ sọ fún wọn pé mi ò sí nílé", ta ló kọ́ Àbẹ̀kẹ́ pé èèyàn lè wà nílé kó má sí nílé? Èmi tí mo ń kọ èyí pàápàá ti rán ọmọ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí mo jẹ olówó àjọ ní gbèsè.

Alhaji ju pàṣán sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ti yàrá yẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìjìyà wà o: lẹ́sìn Lágere ti dópin, fóònù ti wà lọ́wọ́ lọ́yà, Àbẹ̀kẹ́ kò sì tíì padà sídìí kíkọ́ àwọn kéékèèké ní alifú. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Ìyá rẹ̀ ló fi ọ̀tún tirẹ̀ fà á mọ́ra. Láti àárọ̀ ni kò ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ń wá bàtà mi, ó yíjú sí ọmọ, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ wo ilẹ̀. "Tiffany, Mọ́mì."

"Tí-fáànì. Ṣé bíi fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn?"

Àbẹ̀kẹ́ fi hìjáábù bo ẹnu, mo rò pé ó tún fẹ́ sunkún ni, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa bọ̀ nínú kíṣìnì, kí o wá sọ ti Tí-fáànì náà fún mi."