Ibo Lẹ Máa Di Ẹrù Sí Lára Ọ̀kadà Yín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọjà Gwagwalada la wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń kọjá lẹ́yìn mi yẹn. Àpò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gun ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àpò náà rọ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún, ó rọ̀ sílẹ̀ lósì. Mangala ni àwọn Hausa ń pè é. Ẹrù ọ̀tún bá tòsì dọ́gba, méjèèjì wà nísàlẹ̀, wọ́n sún mọ́ ikùn ẹranko náà. Ẹ ò ní rí i kí ẹnikẹ́ni to gbogbo ẹrù gogoro sí ìdí ìrù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìdí ìrù gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fi ọ̀kadà lọ sílé láti Abuja ń di ẹrù sí. A ra àpótí tó tóbi jù lọ, a gbé e sẹ́yìn, a kó ẹrù kún un dẹ́nu. Ibi tí ẹrù máa jókòó sí ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, ká tó rò ó bóyá á gba gbogbo ohun tá a fẹ́ gbé.

Mi ò bú àpótí ẹ̀yìn o. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ káàkiri Wuse àti Garki, kó rà á. Ó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ lè ti akoto mọ́ inú rẹ̀, kì í sì í gbòòrò ju kẹ́ ẹ má lè kọjá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya. Ṣùgbọ́n òkè ló wà, ẹ̀yìn pátápátá ló sì wà. Tẹ́ ẹ bá kó irinṣẹ́ àti omi sínú rẹ̀, iwájú ọ̀kadà á fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá sì ti ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí àti káríà. Òmíràn wà tí kò gbọ́dọ̀ gbé ju kílò 5 lọ. Lítà omi kan, kílò kan ni, torí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 5 kan ti tó o. Aṣọ òjò, búrẹ́dì, aṣọ ìwọ̀sùn: irú ìyẹn ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ni ẹrù wúwo ń lọ. Àpótí líle wà, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tàbí ike ṣe, àpò rírọ̀ náà sì wà. Àpótí líle ṣeé tì pa, òjò ò ráàyè wọ̀ ọ́, àmọ́ irin tí wọ́n máa gbé e kọ́ fúnra rẹ̀ wúwo. Ẹ wọn ìbú rẹ̀: tó bá fẹ̀ ju ọwọ́ ọ̀kadà lọ, ibi tí ọwọ́ gbà kọjá, ẹ̀yìn lè má gbà á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni iyanrìn àti ẹrẹ̀. Tí ọ̀kadà bá yọ̀, tẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ tilẹ̀, àpótí yẹn lè ká ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí ọ̀nà oko bá wà nínú ìrìn àjò rẹ̀, àpò rírọ̀ ni mo máa ní kó rà.

Àpò rírọ̀ náà ní tirẹ̀. Nígbà kan tí mò ń lọ sí Kabba fún òkú bàbá àgbà mi, mo gbé àpò kan kọ́ ẹ̀yìn láìfi irin kankan gbè é. Lẹ́yìn Kwali mo bọ́ sínú kòtò kan. Mò ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó, mo rò pé àwọn tírélà tó wà níwájú ni. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Abaji, àpò ti yọ́ mọ́ sálẹ́ńsà. Ihò tó wà lára rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, etí agbádá tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì ló bá mi lọ́wọ́, ó ti gbẹ, ó dúdú, ó ń rún wómúwómú. Látìgbà yẹn, wẹ́dà ti bá mi jó irin kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí àyè tó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan lè wà láàárín àpò àti sálẹ́ńsà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé síìpù. Òjò oṣù kẹsàn-án á wọ̀ ọ́, eruku ọyẹ́ á sì wọ̀ ọ́. Àpò tí wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀ ló dáa: ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó dè é. Tówó ò bá tó, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn bo inú àpò tẹ́ ẹ ní.

Àpò orí táǹkì wà fún ìwé, fóònù àti omi mímu. Tó bá jẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, kì í di táǹkì oníke mú. Ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà dópin lọ́tùn-ún àti lósì kẹ́ ẹ rí i pé kò kàn án. Àpò ẹ̀yìn tí à ń gbé kọ́ èjìká, ẹ fi sílé tọ́nà bá ti jìn.

Ó ku okùn. Rọ́bà onírin kọdọrọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún un. Tó bá já mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fà á, ojú ló ń bọ̀. Tó bá sì já lójú ọ̀nà, ó lè wé mọ́ ṣéènì. Okùn pẹlẹbẹ tó ní ìdè irin ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì ki ìdí rẹ̀ tó ṣẹ́ kù bọ abẹ́.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iye tí ìwé ọ̀kadà sọ fún ẹrù, kẹ́ ẹ sì mú ṣọ́ọ̀kì le díẹ̀. Ẹrù máa ń rì, okùn á sì dẹ̀. Láti Lugbe, Giri ni mo ti ń kọ́kọ́ dúró. Mi ò ní tíì mu omi, màá fọwọ́ fa okùn kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá ti dẹ̀, màá tún un fà.