Oòrùn Inú Gààrí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ fi iṣẹ́ gààrí sílẹ̀ wá síbí. Abọ́ gààrí kan ni mo gbé dání yìí. Níbo ni ẹ̀gẹ́ ti rí ohun tó fi di gààrí?

Ọ̀pọ̀ wa á ní inú ilẹ̀ ni. Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Brussels, fẹ́ mọ̀. Ó wọn páùn 200 erùpẹ̀ gbígbẹ sínú ìkòkò, ó gbin igi tó wọn páùn 5 sínú rẹ̀, omi nìkan ló sì ń bù sí i. Lẹ́yìn ọdún 5, igi náà wọn páùn 169. Erùpẹ̀ kò dín ju nǹkan bí áúnsì 2 lọ! Ó gbà pé omi ló di igi. Ó kú ní 1644 láìmọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló kó ipa tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Abẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ kún fún ihò tín-ín-tín tó ń là, tó ń pa dé bí ètè. Ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí jáde. Kò pọ̀ rárá: nínú ẹgbàárùn-ún ìwọ̀n afẹ́fẹ́, bí i 4 péré ni. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé ni àwọn nǹkan róbótó aláwọ̀ ewé wà, chloroplast lorúkọ wọn. Tí oòrùn bá bà wọ́n, wọ́n á fi agbára rẹ̀ ya omi sí wẹ́wẹ́. Ọ́síjìn á bá tirẹ̀ lọ, òun là ń mí símú. Haidirójìn inú omi á sì para pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù di ṣúgà. Ṣúgà yìí á gba inú èèpo igi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀gẹ́, á di sítáàṣì. Oòrùn ti wà ní àtìmọ́lé nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọmọ mọ́ pé ọ̀sán ni igi ń ṣe oúnjẹ, òru ló ń mí. Tọ̀sán-tòru ni igi ń mí. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú pàápàá ṣì ń mí.

Ó wá ku ká tú agbára náà sílẹ̀. Tí a bá rin ẹ̀gẹ́, tí a dì í sápò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á dá sí i. Kò sí ọ́síjìn tó tó níbẹ̀, nítorí náà wọn kì í lè jẹ ṣúgà náà tán. ATP, owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, 2 péré ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí lórí ẹyọ ṣúgà kan tó ń jẹ́ glúkóòsì. Ohun tó ṣẹ́ kù á di omi kíkan. Ìkan tí ẹ ń tọ́ wò nínú gààrí Ìjẹ̀bú, agbára tí kò tíì tú tán ni.

Sẹ́ẹ̀lì tiwa ló ń tú u tán. Nínú mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń já ṣúgà díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kó jó lẹ́ẹ̀kan náà bí igi ìdáná, títí ọ́síjìn á fi gba ohun tó kẹ́yìn tí á sì di omi. Èrè rẹ̀ á tó nǹkan bí ATP 30.

Ibi ìkẹyìn yẹn ni sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́ tútù, ń dènà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa mí gúlegúle, kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ má rí ọ́síjìn lò. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí àìsàn kan lágbègbè Ẹ̀pẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rìn dáadáa, tó ń ba ojú àti etí jẹ́. Ó so ó mọ́ májèlé yìí. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tó yan án nírọ̀lẹ́. Rírin ló ń tú májèlé náà, ọjọ́ mélòó kan nínú àpò ló ń jẹ́ kó ráyè jáde, iná abẹ́ agbada ló sì ń lé ìyókù.

Nígbà tí mo parí, ìyá àgbàlagbà kan nàwọ́ sókè. "Ọmọ mi, tí mo bá ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ n kò dáná sí i. Kí ló fà á?"

Mo ní, "Màmá, ooru tí àwọn kòkòrò yẹn kò rí lò ló ń jáde. Oòrùn tó ràn sórí oko yín ni."