Pípàdánù Kọ́ Ló Ń Tún Tíìmù Kọ́: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nípa Detroit Pistons ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tí ò ráyè wá síbi ìjókòó wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò jẹ́ n sinmi lórí WhatsApp, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbẹ̀ sílẹ̀, òun nìyí o, bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe kọ ọ́. Àwọn tó wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ LAUTECH ni, àwọn kan ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, àwọn bàbá méjì náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ní torí Hakeem Olajuwon làwọn ṣe jáde nílé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Fáànù Detroit Pistons ni mí, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà. Mo wo ìyà tó jẹ wọ́n, mo sì wò ó títí wọ́n fi bọ́ nínú ẹ̀, ohun tí mo rí sì ni pé kì í ṣe pípàdánù ló ń tún tíìmù kọ́, kì í sì í ṣe kéèyàn kàn máa kó ọmọdé jọ lọ́dọọdún. Àwọn àgbà tẹ́ ẹ bá fi sáàárín àwọn ọmọ yẹn, àtẹni tó ń kọ́ wọn, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á yé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní líìgì England tàbí ti Nàìjíríà wa níbí, tíìmù tó bá gbẹ́yìn á já sísàlẹ̀, ó parí. NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tíìmù 30 ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ń já síbì kankan. Dípò kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó gbẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n ń fún un láǹfààní kó tètè mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun tó ń bọ̀ láti yunifásítì àti láti ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí wọ́n ń pè ní draft nìyẹn. Èrò wọn dáa, wọn ò fẹ́ kí tíìmù olówó kó gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá síbì kan. Àmọ́ ẹ rò ó wò, bó bá jẹ́ ẹni tó gbẹ́yìn ló ń jèrè, àwọn kan ò ní mọ̀ọ́mọ̀ máa gbẹ́yìn bí?

Ibi tọ́rọ̀ Hakeem ti wọlé nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí l'Ékòó, handball ló ń gbá kó tó di pé ó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 1984 Houston Rockets ló mú un ṣèkíní nínú draft, ẹ má gbàgbé pé Michael Jordan fúnra ẹ̀ ẹnì kẹta ni wọ́n mú lọ́dún yẹn. Láyé ìgbà yẹn owó ẹyọ ni wọ́n máa ń jù sókè láàárín tíìmù tó gbẹ́yìn ní apá ìlà oòrùn àtèyí tó gbẹ́yìn ní apá ìwọ̀ oòrùn, Houston àti Portland tó ti gba ipò Indiana ni wọ́n jù ú fún, Houston ló jẹ. Àwọn èèyàn pariwo pé Houston mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù nígbà tí sáà yẹn ń parí lọ, ni NBA bá dá lọ́tìrì sílẹ̀ lọ́dún 1985, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú nínú draft. Nígbà tó fi máa di 2019, tíìmù 14 tí ò bá wọ playoff (ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba ife) ló ń wọ lọ́tìrì yẹn, àwọn mẹ́ta tó burú jù sì wá ní àǹfààní kan náà láti rí ipò kìíní, ìdá 14 nínú 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá yẹn wá ní, "Ṣé o rí i fúnra ẹ, ìpàdánù yẹn kúkú mérè wá." Mo ní ẹ má bínú sà, 1984 ni wọ́n mú Hakeem, 1994 ni Houston tó gba ife àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́wàá! Hakeem ti dé tipẹ́, àwọn tó máa yí i ká tí wọ́n á máa ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń wá kiri. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bọ́rọ̀ lọ.

Ó yá, Detroit. Tíìmù tó gba ife ní 1989 àti 1990, tó tún gbà á ní 2004 nígbà tí wọ́n na Lakers tí Shaq àti Kobe wà níbẹ̀, 4-1. Ẹ wo àwọn tó gba ti 2004 yẹn dáadáa. Ben Wallace, kò sí tíìmù kankan tó mú un nínú draft. Chauncey Billups, tíìmù kan ń gbé e fún òmíràn ṣáá kó tó balẹ̀ sí Detroit. Lọ́dún 2003 gan-an Detroit ló ní ipò kejì nínú draft, Darko Milicic ni wọ́n mú, wọ́n fi Carmelo Anthony àti Dwyane Wade sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n mú yẹn orí bẹ́ǹṣì ló sì wà jù lọ lọ́dún tí wọ́n gbafe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. 26 May 2008 ni wọ́n jáwé olúborí kẹ́yìn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ playoff. Wọ́n wọlé ní 2009, ní 2016 àti ní 2019, 4-0 ni wọ́n fi lé wọn jáde nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ni wọ́n bá pinnu pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Lọ́dún 2021 wọ́n mú Cade Cunningham ṣèkíní, 2022 wọ́n rí Jaden Ivey àti Jalen Duren, 2023 wọ́n mú Ausar Thompson. Ọmọ tó dáa ni gbogbo wọn.

Ẹ wá wo ohun tí ìpàdánù fún wa. Ní sáà 2022-23 àwa la burú jù nínú gbogbo NBA, a jẹ 17, a pàdánù 65, ọdún tí gbogbo ayé ń wá Victor Wembanyama, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń bọ̀ nínú draft. Lọ́tìrì gbé wa sípò karùn-ún. Sáà tó tẹ̀ lé e, àwa náà la tún burú jù, 14 la jẹ, a pàdánù 68, lọ́tìrì tún gbé wa sípò karùn-ún. Ìjìyà ọdún méjì gbáko, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ọ̀hún ipò karùn-ún. Ẹni tó bá ń sọ fún mi pé ìpàdánù ni ọ̀nà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn án nìyẹn.

Sáà 2023-24 yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀. Kóòṣì tuntun ni Monty Williams, mílíọ̀nù 78.5 dọ́là fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì ní sọ pé kò mọṣẹ́ torí òun ló gbé Phoenix dé àṣekágbá ní 2021. A jẹ méjì nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkàn wa balẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe pàdánù 28 léraléra láti ìparí October dé ìparí December, kò tíì sí tíìmù tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá ń wo NBA láti ìlú wa yìí lásìkò ọyẹ́, ẹ mọ̀ pé aago kan òru ni ọ̀pọ̀ ìdíje ti máa ń bẹ̀rẹ̀, dátà ń lọ, oorun ń kun èèyàn, kó o wá jókòó ti irú ẹ̀ títí aago mẹ́ta ààbọ̀. Lálẹ́ tí wọ́n bá Brooklyn gbá, Cade ju pọ́ìntì 41, wọ́n ṣì pàdánù, àwọn èèyàn tó wà nínú pápá ń pariwo pé kí Tom Gores tó ni tíìmù náà tà á. Àwọn Boston ńkọ́? Detroit ti ń fi ọ̀pọ̀ pọ́ìntì ṣáájú kí wọ́n tó gbá ìdajì tán, wọ́n padà pàdánù lẹ́yìn àfikún àsìkò. 30 December ni wọ́n tó na Toronto, 129-127, n ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi.

Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Ẹ fojú inú wò ó. Cade gba bọ́ọ̀lù lókè, Duren lọ dínà mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, Cade yà sọ́tùn-ún, ó fẹ́ wọ abẹ́ àwọ̀n. Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ Ausar Thompson ní kọ́nà ti fi Ausar sílẹ̀ tipẹ́, torí ó mọ̀ pé ọmọ yẹn ò lè jù ú wọlé láti ọ̀ọ́kán, abẹ́ àwọ̀n ló ti dúró tó ń dúró de Cade. Ẹni tó ń ṣọ́ Killian Hayes náà ti sún wọlé. Èèyàn mẹ́ta ti wà níbi tí Cade fẹ́ gbà, tó bá sọ bọ́ọ̀lù jáde, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n jù ló ń sọ ọ́ sí, tó bá dì í mú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n wá ń sọ pé Cade ń sọ bọ́ọ̀lù nù jù. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Àwa tá a wà níbí mọ iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa, torí náà mo bi wọ́n léèrè. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọṣẹ́, kò sí ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ti gbòmìnira, ṣé ẹ máa gbé aṣọ ìgbéyàwó fún wọn? Àwọn ọmọ yẹn lè lẹ́bùn gan-an o. Wọ́n á kàn máa ba aṣọ jẹ́ ni, wọ́n á sì máa kọ́ àṣìṣe lọ́wọ́ ara wọn.

Lọ́dún 2024 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n gbé Trajan Langdon wá kó máa darí gbogbo ètò, wọ́n lé Monty Williams tó ṣì ní ọdún márùn-ún lórí àdéhùn ẹ̀, wọ́n gbé J.B. Bickerstaff wá. Ẹ wo ohun tí wọ́n rà: kì í ṣe ìràwọ̀ kankan. Tobias Harris tó ti gbá fún wọn rí, àgbà tí kì í pariwo. Tim Hardaway Jr. láti Dallas. Malik Beasley, mílíọ̀nù 6 dọ́là péré fún ọdún kan. Beasley yìí ju three-point (bọ́ọ̀lù ọ̀ọ́kán tó ń mú pọ́ìntì mẹ́ta wá) 319 wọlé nínú sáà yẹn, Anthony Edwards nìkan ló ju tiẹ̀ lọ nínú gbogbo NBA, pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹ wá padà sí kọ́nà yẹn. Cade gba bọ́ọ̀lù lókè, Duren dínà, Cade yà sọ́tùn-ún. Ẹni tó dúró ní kọ́nà báyìí ni Beasley, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò sì gbọ́dọ̀ sún kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, torí tó bá sún báyìí, three-point. Ọ̀nà ṣí. Cade wọlé fúnra ẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ sókè fún Duren. Cade yìí kan náà, Duren yìí kan náà, ọ̀nà ni wọn ò rí tẹ́lẹ̀! Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn, torí àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n ta Cade lọ.

Wọ́n jẹ 44, wọ́n pàdánù 38. Láti 14 sí 44 láàárín ọdún kan, Ivey sì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2025 o. Nínú playoff wọ́n na Knicks 100-94 ní ìdíje kejì, ìyẹn ló fòpin sí ìpàdánù 15 léraléra nínú playoff tó ti wà nílẹ̀ látọdún 2008. Knicks padà lé wa jáde 4-2. Ìdíje kẹrin ṣì ń dùn mí, 94-93, wọ́n gbá Hardaway mọ́ra nígbà tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, rẹfirí ò fọn fèrè, lẹ́yìn ìdíje ni wọ́n wá ń gbà pé ó yẹ káwọn fọn ọ́n.

Ọmọkùnrin kan gbé Oklahoma City kò mí lójú, ó ní àwọn yẹn pàdánù dáadáa kí wọ́n tó gba ife 2025. Òótọ́ ni, Memphis tiẹ̀ fi pọ́ìntì 73 nà wọ́n ní December 2021, kò sírú ẹ̀ rí nínú NBA. Àmọ́ Shai Gilgeous-Alexander kì í ṣe ọmọ lọ́tìrì tiwọn, Clippers ni Sam Presti tó ń darí ètò wọn ti gbà á nígbà tó fi Paul George sílẹ̀ ní 2019. Jalen Williams, ẹnì kejìlá ni wọ́n mú un. Mark Daigneault tó ń kọ́ wọn, wọn ò lé e nígbà tí wọ́n ń jìyà, nígbà tó sì kù díẹ̀ wọ́n lọ mú Alex Caruso àti Isaiah Hartenstein, àgbà. Ẹni tó pàdánù tó sì gbà pé ìpàdánù nìkan tó, Philadelphia ni. Wọ́n jẹ 10, wọ́n pàdánù 72 ní sáà 2015-16, wọ́n rí Joel Embiid lóòótọ́, wọ́n mú ẹni àkọ́kọ́ nínú draft 2016 àti 2017, títí dé 2025 wọn ò kọjá ìpele kejì playoff.

Nílé wa níbí ńkọ́? D'Tigress, tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Lọ́dún 2022 ìjọba yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, wọ́n yí ìpinnu yẹn padà, ṣùgbọ́n ipò àwọn obìnrin wa nínú World Cup ti bọ́ sọ́wọ́ Mali. Ẹ̀dùn ọkàn gbáà ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé Rena Wakama wá kó máa kọ́ wọn, ó gba AfroBasket pẹ̀lú wọn lọ́dún yẹn náà, ní Paris 2024 wọ́n na Australia àti Canada, wọ́n dé quarter-final, kò tíì sí tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé bẹ̀ rí ní Olympics. Kò sí draft níbẹ̀, kò sí lọ́tìrì.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ti àbúrò wa obìnrin kan tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa ńkọ́? Tá a bá ti mọ ara wa tán báyìí, àwọn àgbà inú wa á gboyè jáde, a tún ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Mo ní ẹ má tíì máa dáwó jẹ́sì tuntun jọ. Àwọn tó gboyè jáde tí wọ́n ṣì ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ní Under G, ní Tákíé, ṣé ẹnikẹ́ni ti pè wọ́n? Kí wọ́n má tiẹ̀ gbá ìdíje kankan, kí wọ́n kàn wá máa gbá pẹ̀lú yín nírọ̀lẹ́, kí wọ́n máa sọ fún yín ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹnì kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní òun ti gboyè, òun ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí, òun lè máa wá ní Sátidé. Kí n tó kó ẹrù mi tán wọ́n ti yí i ká, wọ́n ń gba nọ́ńbà ẹ̀.